Àárín Orin Gígùn

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án 2025

A sin Ọdúntán lónìí, ní Iléṣà. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní oníṣòwò pàtàkì ni. Oníṣòwò wo? Ó ta sìmẹ́ǹtì fún ọdún méjì péré, ó sú u, ó sá padà wá bá wa. Gbogbo ọdún tó fi lu dúrọ́ọ̀mù fún ẹgbẹ́ orin wa, Àpáta Dúdú, tí etí ọ̀tún rẹ̀ fi di pátápátá – wọn ò kà á. Orúkọ ẹgbẹ́ ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àlùfáà kàn ní olóògbé fi ohun ayé sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Ohun ayé. Àwa nìyẹn.

Phebe jókòó tì mí. Òun ni olórin wa láti 1976, ohùn tó ń mú kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà gun orí àga. Díákónẹ́ẹ̀sì ni báyìí, mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ìnujú bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín, èmi náà fẹ́ rín. Ẹkún ni.

Waya ò lè wá. Ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn sí Iwaraja láti ìgbà Iléyá. Akínladé lorúkọ rẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1974, òun ló ń ta gìtá, òun ló ń kọ orin. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Waya, lọ́jọ́ tí okùn gìtá rẹ̀ já lórí ìtàgé ní Ìkìrun, tó sáré yọ waya bíréèkì lára básíkùlù ẹnì kan, tó fi parí eré. Ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní lè fi ọkùnrin yìí sílẹ̀.

Kàmál tó ń tẹ ọ́gáànù ti kú tipẹ́. A ku mẹ́ta.

Àìkú, 7

Òjò. Ìbàdí ń ro mí. Mi ò jáde.

Ìṣẹ́gun, 9

Phebe pè mí láàárọ̀. Ó ní, Bọ̀dá Sàlá, ẹ jẹ́ ká kó orin Gígùn jọ kó tó di pé kò ní sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní ṣé mò ń gbọ́. Mo ní mò ń gbọ́.

Kí n kọ ọ̀rọ̀ Gígùn síbí, torí bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní ogbó ló ń dà mí láàmú.

Ní 1979, Mikail tó ń ta gìtá kejì kó mẹ́ta nínú orin wa sá lọ sí Èkó. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ gbé wọn jáde. Rédíò ń lù wọ́n tọ̀sán-tòru. Nígbà tí àwa wá kọ orin wa nínú gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́, àwọn èèyàn hó lé wa lórí pé olè ni wá, orin Mikail la jí. Waya ò jẹun dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Bí orin tuntun bá dé, á pe èmi nìkan wọ yàrá, á kọ́ mi ní ti gìtá béèsì, á ní kí n máa lọ. Á pe Kàmál. Á pe Ọdúntán. Á pe Phebe. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì títí di ọjọ́ eré gan-an. Orí ìtàgé ni orin ti ń pàdé ara rẹ̀. Tó bá sì pàdé, ara wa á bù máṣọ.

Gígùn ló gùn jù nínú wọn. 1986 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orin kan ṣoṣo tó máa gba ojú àwo méjèèjì, bó ṣe wí nìyẹn. Kó tó kọ́ wa, ó ní ká fi eyín kan okùn gìtá, ká búra pé a ò ní jẹ́ kí ẹnì kejì gbọ́ tiwa títí òun á fi ní ó yá. Irin ṣáà ni okùn gìtá. Bí bàbá mi bá gbọ́, á ní mo ti lọ bọ Ògún. Mo fi eyín kàn án. Gbogbo wa la fi eyín kàn án. Ó kọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ní àárín rẹ̀ ló kù, ọwọ́ òun ló wà, kò ní pẹ́ jáde.

Ohun tó ń sọ lọ́dọọdún nìyẹn. Fújì gba èrò lọ́wọ́ wa – Gígùn ti fẹ́ẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo wa kógbá sílé – Gígùn ti fẹ́ẹ̀ jáde. A di ẹni tó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n ń ní ká yí sípíkà sílẹ̀ kí àwọn àgbà lè jẹun, a fara mọ́ ọn nítorí Gígùn. Kàmál kú. Àwọn ọmọdé ń fi ṣòkòtò awọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ní báyìí Ọdúntán ti gbé tirẹ̀ wọlẹ̀. Phebe ní ká da ìbúra, ká ta tiwa síra wa létí. Ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ ọdún méje.

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo gbé béèsì sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn rẹ̀ ti dípẹtà. Munawwarah ọmọ mi ti ọ́fíìsì dé, ó bá mi tí mò ń fi kẹrosíìnì nù ún. Ó ní, "Bàbá, eléyìí náà lẹ ṣì ń bá kiri?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lọ gbé oúnjẹ.

Ó lẹ́tọ̀ọ́. Nítorí Gígùn ni Kifayat ìyá rẹ̀ ṣe kó lọ, ní 1993. Ẹ̀gbọ́n Kifayat wá iṣẹ́ olùkọ́ fún mi ní Ìlọrin, ilé wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan ti tò. Mo ní kó ṣe sùúrù, orin ò ní pẹ́ parí, tó bá jáde ayé wa á dùn. Ó ní, "Sàláúdéènì, ta ló ti gbọ́ orin náà rí?" Ó gbé ọmọ, ó wọkọ̀ Ìlọrin. Ó ti lọ́kọ níbẹ̀ báyìí, ó ti lọ́mọ. Munawwarah nìkan ló padà sọ́dọ̀ mi nígbà tó ríṣẹ́ ìjọba níbí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé Gígùn á dún níjọ́ kan, Kifayat á gbọ́ ọ ní rédíò, á mọ̀ pé orí mi ò yí. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ayé mọ́. Kó ṣáà dún. Kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Àbámẹ́ta, 13

Phebe wọkọ̀ wá láti Iléṣà. A ti fèrèsé ká tó mọ̀ pé a ń ti fèrèsé. Ilẹ̀kùn náà. Àwa arúgbó méjì.

Mo ta tèmi. Òun náà kọ tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Wọn ò bára mu.

Tèmi ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi. Tirẹ̀ ń sáré. Ó sọ ohùn sílẹ̀, mo mú ọwọ́ yá, a tún un ṣe, a tún un ṣe. Ṣe ni wọ́n ń kọlu ara wọn. Nígbà tó yá mo gbé béèsì sílẹ̀. Phebe ní, "Bọ̀dá Sàlá, àárín ló máa so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá ò lè kọ́ wa ní ìkọ́kúkọ̀ọ́." Mo ní òótọ́ ni. Mo yára sọ ọ́.

A mu Líptọ́ọ̀nù. A sọ̀rọ̀ 1983, nígbà tí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ṣubú lọ́nà Ifẹ̀, tí Ọdúntán kọ́kọ́ béèrè dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kó tó béèrè ìyàwó rẹ̀. Phebe rín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Nǹkan kan kàn ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo lọ bá Raliat ọmọ Kàmál nídìí ọjà rẹ̀ ní Ìgbọ̀nà, níbi tó ti ń ta òwú ìránṣọ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé orin tí Bàbá fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni?" Ló bá ń fi imú kùn ún láàárín òwú pupa òwú yẹ́lò, kò tiẹ̀ sọ ọjà sílẹ̀.

Kàmál! Òun tó ń fojú burúkú wò wá pé ká má da ìbúra. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn oníbàárà. Raliat bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó rò pé òun ṣẹ̀ mí.

Ó gbà á sórí fóònù fún mi. Mo gbọ́ ọ títí lójú ọ̀nà. Ó dùn. Ṣùgbọ́n òun náà dá dúró láyè tirẹ̀, bí orin táwọn obìnrin fi ń gúnyán. Kò mọ tèmi rí, kò mọ ti Phebe rí. Mo fi ránṣẹ́ sí Phebe. Ó ní àárín, àárín, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ọjọ́bọ̀, 18

Kò síná láti ìjẹta. Mo ta béèsì láìsí áńpù. Ó ń dún bí ẹ̀fọn.

Jímọ́ọ̀, 19

Lẹ́yìn ìrun mo pe nọ́ńbà Waya. Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, kì í pe ilé ní ilé. Ó ní, "Wọ́n ní ká máa gbé e bọ̀ ní ulé. Dọ́kítà ní kò sóhun táwọn lè ṣe mọ́. Ẹ wá o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́." Mo béèrè bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní láàárọ̀ nìkan.

Èmi àti Phebe á lọ ní Ọjọ́rú.

Ọjọ́rú, 24 – Iwaraja

Mo pàdé Phebe ní Iléṣà, a jọ wọkọ̀. Ó ti gba iná sínú fóònù rẹ̀ dáadáa, ó tún ra òmíràn tó ń gba ohùn nìkan. Aṣọ tó dáa ló wọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń lọ síbi eré.

Kòkó wà nínú oòrùn níwájú ilé, a ní láti fi ẹsẹ̀ wá àyè kọjá. Waya wà nínú yàrá. Mi ò dá a mọ̀ lójú kan náà. Ẹni tó ga bí òpó! Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ta ló kọ́ mi ní ìwà.

A sọ fún un pé a ti sin Ọdúntán. Ó ní òun mọ̀. Ó sùn lọ sáàárín ọ̀rọ̀. Fẹ̀hìntọlá ní ká sùn síbẹ̀ dàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Òṣogbo ni mo ti ń kọ eléyìí.

Láàárọ̀ ara Waya fúyẹ́. Wọ́n gbé e jókòó. Phebe kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé a ti da ìbúra. Mo rò pé á bínú. Ó ní ká ta á kí òun gbọ́. Mo ta tèmi, Phebe kọ tirẹ̀, a fi ti Kàmál sí i láti inú fóònù. Ó di ojú. Nígbà tó tán, Phebe ní, "Ọ̀gá, àárín ló kù. Ẹ kàn fi ẹnu dún un, fóònù á gbà á." Waya ní ògì gbígbóná ló ń wu òun. Phebe bá Fẹ̀hìntọlá lọ sí ilé ìdáná.

Ó fọwọ́ pè mí. Mo gbé etí sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Sàlá, kò sí àárín."

Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kò sí orin kankan níbẹ̀. Ó ní ohun tó bá wá sí òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni òun fi kọ́ kálukú wa. Lẹ́yìn tí Mikail lọ, ó ń rí i lójú Kàmál pé òun náà máa lọ, ó rí i lójú Ọdúntán, ó rí i lójú tèmi. Ó ní kí ni òun ì bá fi dá wa dúró. Kò sówó, kò sí àwo. Ẹni tó bá gbà pé nǹkan ńlá kan wà lọ́wọ́ òun tí ẹnì kejì ò ní, kò ní lọ. Ó ní òun rò pé òun á padà rí ohun tó máa so wọ́n pọ̀, òun á sì sọ ọ́ di òótọ́. "Mo wá a, Sàlá. Mo wá a gan-an ni."

Mo ń wo ìka rẹ̀ lórí ọwọ́ mi. Ó ṣe mí bíi kí n yọ ọwọ́ mi kúrò, mi ò lè yọ ọ́.

Phebe gbé ògì wọlé. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó tan fóònù, ó ní, "Ọ̀gá, a ti ṣetán." Waya wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí mi.

"Mo ti kọ́ Sàlá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà."

Phebe bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gbá mi mọ́ra níwájú Fẹ̀hìntọlá. Waya di ojú. Báwo ni mo ṣe máa pe ẹni tó ń kú lọ ní òpùrọ́ lórí ẹní rẹ̀? Mo dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé mo gbà.

Nínú ọkọ̀ Phebe ní kí n kùn ún díẹ̀, díẹ̀ péré. Mo ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọkọ̀.

Àìkú, 28

Mi ò fọwọ́ kan béèsì. Munawwarah ní ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ó yá.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Waya kú lánàá. Tó bá jẹ́ àwa Mùsùlùmí ni, ilẹ̀ ì bá ti bò ó. Tiwọn, ó di oṣù tó ń bọ̀, ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti òkè òkun dé. Phebe pè, mi ò gbé e. Ó tún pè.

Mo fẹ́ sunkún, kò wá. Ìbínú ló wá, ìtìjú sì tẹ̀ lé e, torí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 11

Phebe wá láìsọ fún mi. Ó ní òun ti bá ẹni tó ní sítúdíò kan ní Iléṣà sọ̀rọ̀, a máa gba Gígùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sin Ọ̀gá, wọ́n á lù ú níbi ìsìnkú. Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi.

Mo sọ fún un. Gbogbo ohun tí Waya sọ, bó ṣe sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Kò sunkún. Ó ní, "Ojú mi báyìí ni Ọ̀gá ṣe ní ọwọ́ yín ló wà. Mo wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ ò ní purọ́ mọ́ yín." Mo ní kì í ṣe pé ó purọ́ mọ́ mi, ìwọ, Phebe, ìwọ ló purọ́ fún, torí àánú rẹ ṣe é. Ó ní kí n má fi òkú ọ̀run ṣe àwáwí. Ó ní ẹ̀wádún mélòó ni òun fi dúró de orin náà, òun kọ̀ láti bá ọkọ òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ òun lọ, kò padà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ló gbé ọkọ òun lọ.

Mo ní mo fi Kùránì búra. Ó ní, "O fi irin búra rí. Lọ́jọ́ tí mo ní kí o ta á, o ta á."

O. Láti ìgbà tí a ti mọra, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dá Sàlá, ẹ jókòó. Bọ̀dá Sàlá, ẹ jẹun. Ó dìde, ó ní, "O fẹ́ dá gbé e jáde. Mikail kejì." Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Àìkú, 19

Mo pè é. Kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ, mo rí i lórí fóònù pé ó gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Ọjọ́rú, 29

Mo gbìyànjú láti fi ara mi ṣe é. Àárín. Láti àárọ̀ títí dìgbà ìrun Àsárì. Bí mo bá bá ti Phebe mu, ti Kàmál á yapa. Mo mọ ohun tí ojú Waya rí. Mi ò sì tíì dárí jì í.

Jímọ́ọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo gbé béèsì dání lọ sí Iwaraja. Mo rò pé n óò ta nǹkan kan fún un bí wọ́n bá gbé e wọlẹ̀, kí n wá máa lọ sílé. Wọ́n kọ orin ìsìn. Níbí, wọ́n dárúkọ Àpáta Dúdú ṣá o. Àlùfáà dárúkọ rẹ̀, ó ní orin kan kù tí olóògbé fi lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ẹni náà lọ́kàn. Phebe jókòó sáàárín àwọn ẹbí. Kò wojú mi.

Nígbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, Ẹkúndayọ̀, àkọ́bí Waya, wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àwọn àgbà ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú kóòtù dúdú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, a ò bá yín jà. Ohun tí bàbá wa fún yín, ẹ fún wa. Ẹ kàn ta á, ká gbọ́ ọ."

Mo wo sàréè. Ẹlẹ́rìí mi wà nínú ilẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé bàbá rẹ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn fi irọ́ so wá mọ́lẹ̀ títí a fi gbó? Fẹ̀hìntọlá ń wò mí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé áńpù wá, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mo ta ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi, tèmi, èyí tó kọ́ mi nínú yàrá.

Mi ò tíì dé ìdajì tí Phebe fi dìde. Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Tirẹ̀ nìyẹn. Kó ta àárín." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní olè. Ẹkúndayọ̀ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

Mo ta á dé òpin láìsí iná. Nígbà tí mo gbójú sókè wọ́n ti ń lọ jẹun. Mo fi aṣọ wé béèsì, mo gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n sá kòkó sí, mo lọ dúró de ọkọ̀ Òṣogbo ní oríta. Kò sẹ́ni tó sìn mí sọ́nà.